Yàrá Tí Alban Gbàgbé

Ẹ̀yìn orí ọkùnrin náà ni Ermine Lendore kọ́kọ́ rí. Èérún igi kédárì kún irun rẹ̀, ègé èédú kan wà lẹ́yìn etí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn etíkun Windward, ó sì tẹjú mọ́ pákó kan bí ẹni pé pákó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bú u tán.

Òwúrọ̀ Sátidé ni. Àwọn ewúrẹ́ ti sá sábẹ́ òjìji àwọn ọkọ̀ tí wọn ò tíì kàn tán, atẹ́gùn tí kì í sinmi ní ìhà ibẹ̀ sì ń fẹ́ síkẹ́ẹ̀tì ọmọbìnrin náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti abúlé rẹ̀, L'Esterre, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi bàtà há abíyá pẹ̀lú ìwé kékeré kan tí wọ́n fi àpò ìyẹ̀fun wé. Ó na ọrùn láti ẹ̀yìn èjìká ọkùnrin yìí kó lè rí pákó náà. Ohun tí wọ́n fi èédú kọ síbẹ̀ ni pé 2½ × 1½ = 2¼. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé òun ò mọ ọkùnrin náà rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ó wí nígbà tí ọkùnrin náà yíjú padà. "Bàámi ní kí ẹ kan ọkọ̀ tó jẹ́ ìlọ́po kan àbọ̀ ọkọ̀ òun àtijọ́ fún òun. Èyí tí ẹ kọ síbẹ̀ yẹn kéré sí ti àtijọ́. Ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ kàn àbí ọpọ́n ìfọṣọ?"

"Ojú la fi ń kan ọkọ̀ níbí, àǹtí," ni Alban Steele dáhùn, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìṣirò náà kúrò. "A kì í fi èédú kàn án."

"Kí wá ni èédú ń wá lẹ́yìn etí yín?"

Alban gbé ọwọ́ sí etí, ó bá èédú níbẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí àwọn ewúrẹ́ fi yẹra fún un. Ermine wo eyín rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún èédú, ojú sì tì í lójijì. Èmi tí mo ń kan ìṣó nítòsí wọn ti rí ìfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó, mo ti rí èyí tó bẹ̀rẹ̀ lójú agbo ijó. Nínú gbogbo wọn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò tó ṣì yìí ló pẹ́ jù lójú mi.

Bàbá Ermine, tí gbogbo erékùṣù wa, Carriacou, ń pè ní Baba Lendore, ti tukọ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọkọ̀ tí bàbá tirẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ni ìjì ńlá gbé lu òkúta, ìjì kan náà tó ṣí òrùlé ilé wa. Lẹ́yìn náà ni ojú baba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, títí tó fi di pé òjìji nìkan ló ń rí. Ohun méjì ló kù nínú ọkọ̀ náà: ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ sí, àti okùn gígùn kan tí wọ́n fi kókó sàmì àwọn ìwọ̀n kan náà sí. Ermine ló ń tọ́jú ìwé. Okùn wà lábẹ́ ìrọ̀rí baba.

Baba fẹ́ kan ọkọ̀ kan sí i kí òun tó kú, tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun á máa tù. Ó fẹ́ kó jọ ti àtijọ́ láti orí dé ìdí, ṣùgbọ́n kó tóbi tó o ní ìlọ́po kan àbọ̀. Ó ní ọwọ́ lòun máa fi wò ó, nítorí náà kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fojú díwọ̀n igi rẹ̀. Bí ìwọ̀n kan ṣoṣo bá yẹ̀, òun ò ní gbà á.

Bascombe, àbúrò ìyá Alban, ni ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń kan ọkọ̀ létíkun náà. Nígbà tí iṣẹ́ yìí dé, ó ní òun ò lè bá afọ́jú ṣe eré kókó, ó sì jù ú sọ́wọ́ Alban. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí Alban máa dá kàn nìyẹn. Bí Baba Lendore bá kọ̀ ọ́, kò sí ẹni tó máa tún gbé iṣẹ́ fún un, yóò sì máa di pákó mú fún Bascombe títí ewú á fi bò ó lórí. Bẹ́ẹ̀ ohun kan wà tí Alban kò sọ fún ẹnikẹ́ni: ó ti kúrò nílé ìwé láti kíláàsì kejì, lọ́dún tí òkun gbé bàbá rẹ̀ lọ.

Ermine kò béèrè. Ẹni tó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún márùn-ún mọ ojú ẹni tí ojú ń tì. Ó kàn jókòó sínú iyanrìn, ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́ ilé."

Ó fa ilé onígun mẹ́rin kan sílẹ̀. Ó pín ẹ̀gbẹ́ kan sí méjì àti àbọ̀, ó pín ẹ̀gbẹ́ kejì sí kan àti àbọ̀, ó wá fa ògiri la inú ilé já. Yàrá mẹ́rin ló yọ.

"Odidi pàdé odidi, yàrá ńlá nìyẹn, méjì ló wà níbẹ̀. Àbọ̀ pàdé àbọ̀, yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn nìyẹn, ìdámẹ́rin ló wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí lẹ rí. Àwọn tó wà nínú yàrá méjì yòókù ńkọ́? Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lórí."

Alban wo ilé náà pẹ́. Ó fi ìka kan yàrá kan, ó ní méjì pàdé àbọ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Ó kan èkejì, ó ní àbọ̀ pàdé ẹyọ kan, àbọ̀ náà ni. Ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń gbàdúrà, ó ní mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

"Ṣé ó tóbi ju ti àtijọ́ lọ?"

"Ó tóbi, Tíṣà," ni Alban wí. Ó dìde, ó ṣe bí ẹni tó ṣí fìlà tí kò dé. "Ẹ ṣé."

Bí Ermine ṣe di Tíṣà nìyẹn, bí Sátidé sì ṣe di ọjọ́ tí àwọn méjèèjì ń fojú sọ́nà fún láti Mọ́ńdè. Ermine á ka ìwọ̀n kan jáde nínú ìwé, Alban á kọ́ ilé rẹ̀ sínú iyanrìn, á kó yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, lẹ́yìn náà ni ààké á tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn igi ìhà ọkọ̀ ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ermine máa ń gbé oka àgbàdo àti òtílí wá nínú abọ́, Alban á sì ti fi orí ẹja tó dára jù pamọ́ dè é. Nígbà tó yá, Ermine kọ́ ọ ní ọ̀nà ilé ìwé, pé kó fọ́ odidi sí wẹ́wẹ́: méjì àbọ̀ di àbọ̀ márùn-ún, kan àbọ̀ di àbọ̀ mẹ́ta, márùn-ún lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àbọ̀ lọ́nà àbọ̀ sì jẹ́ ìdámẹ́rin, ìdámẹ́rin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Alban gbọ́ ọ, ó sì gbà á, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ràn ilé jù, nítorí òun kì í fẹ́ fọ́ ohun tó bá wà ní odidi.

"Bí mo bá gba èyí, kí lẹ máa fún mi, Tíṣà?"

"Màá fún ọ ní òmíràn tó le jù ú lọ."

Àwa tó wà nítòsí gbọ́ pé Ermine ti kúrò ní "yín", ó ti di "ọ". A wo ara wa, a sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Alban ní kí Ermine bá òun sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ermine sọ ọ́. Baba Lendore fi patuá, èdè àwọn àgbà erékùṣù wa, sọ ọ̀rọ̀ tí n kò ní tún sọ níbí, ó wá sọ èyí tó ṣeé gbọ́. Ó ní àwọn ọkùnrin Windward kì í fẹ́yàwó kí wọ́n má gbé e lọ sí Windward. Ermine ni ojú òun. Ta ni yóò máa ka Sáàmù fún òun ní Sọ́ńdè, ta ni yóò di òun lọ́wọ́ mú dé etí omi? Ó ní bí ọkọ̀ náà bá pé láìsí àbùkù, òun á gbọ́ ohun tí ọmọkùnrin náà ní í sọ. Bí kókó kan bá yẹ̀, kó má dé àgbàlá òun mọ́ láéláé.

Ermine sunkún díẹ̀, kì í sì í ṣe pé ó bínú sí bàbá rẹ̀. Òótọ́ ni baba sọ, ohun tó sì dùn ún jù nìyẹn.

Ìgbà tó yẹ kí wọ́n fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀ gan-an ni ìjà dé. Àwọn ọkùnrin pé jọ lẹ́yìn iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n ń yin ìhà ọkọ̀ náà, pé bó ṣe dọ́gba yìí, ìṣirò wo ni Alban ń lò? Bascombe bú sẹ́rìn-ín, ó ní àbí tíṣà obìnrin yẹn ló ń ṣe é fún un. Ojú ti Alban. Ó ní, "Kí ni tíṣà mọ̀ nípa ọkọ̀? Èmi ni mo ń ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra mi."

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Ermine wà, abọ́ oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra gbé abọ́ náà sílẹ̀.

"Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́," ni ó wí, "bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni." Ó yí padà, ó mú ọ̀nà òkè pọ̀n.

Sátidé mẹ́ta kọjá, kò wá. Alban lọ sí L'Esterre lẹ́ẹ̀mejì láti bẹ̀ ẹ́, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rántí ọ̀rọ̀ baba, ó padà. Láàárín ìgbà náà, pákó ìdí ọkọ̀ nìkan ló kù, èyí tó dí ẹ̀yìn ọkọ̀ pa, tí wọ́n ń kọ orúkọ ọkọ̀ sí. Ermine ti fi ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ti àtijọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ìdámẹ́rin ní fífẹ̀. Alban dá kọ́ ilé rẹ̀ sínú iyanrìn. Mẹ́ta pàdé ẹyọ kan, mẹ́ta. Mẹ́ta pàdé àbọ̀, ẹyọ kan àbọ̀. Ìdámẹ́rin pàdé àbọ̀, ìdámẹ́jọ. Ó kó wọn pọ̀, ó rí mẹ́rin àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ, ó gé pákó tó dára jù lọ nínú gbogbo kédárì tó ní, ó sì kàn án mọ́ ọkọ̀. Inú rẹ̀ dùn pé òun dá ṣe é. Ọkàn rẹ̀ kò sí nílé lọ́jọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà.

Ọjọ́ tí Baba Lendore dé láti wọn ọkọ̀ rẹ̀, gbogbo Windward ló jáde. Ermine ló mú un lọ́wọ́ wá. Kò wo Alban lójú.

Bí baba ṣe ń wọ̀n ọ́n rèé. Á na okùn rẹ̀ dé kókó tó jẹ́ ìwọ̀n àtijọ́, á ká a sí méjì kó lè mọ ìlàjì rẹ̀, á fi ìlàjì náà lé odidi, á wá fi gbogbo rẹ̀ wọn igi. Kò mẹ́nu kan nọ́ńbà kankan. Ẹnu ya àwa tó rí i, nítorí oṣù mẹ́rin gbáko la fi ń wo Alban lórí iyanrìn, okùn kan sì wà ní L'Esterre tó mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ béèrè nǹkan lọ́wọ́ àgbà tó ń bínú?

Baba wọn igi ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó pé. Ó wọn ìhà kìíní, ó wọn ìkẹjọ, ó wọn gbogbo wọn, wọ́n pé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara pákó wọn bí ẹni tó ń pa ẹ̀yìn ẹṣin. Ó wá dé pákó ìdí ọkọ̀. Ó na okùn, ó ká a, ó tún nà án. Okùn gùn ju pákó lọ. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó kù," ni baba wí. "Ó kù íǹṣì mẹ́ta."

Bascombe sún mọ́ Alban, ó sọ ọ́ sí i létí pé kó yáa ní tíṣà ló fún òun ní nọ́ńbà náà. Ó ní kò sí bàbá tó máa lé ọmọ tirẹ̀ jáde. Àwa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Ermine náà gbọ́ ọ.

"Bàbá," ni Alban wí, ohùn rẹ̀ sì dé òkè, "èmi ni mo ṣì í. Kíláàsì kejì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Gbogbo èyí tó pé lára ọkọ̀ yìí, Ermine ló kọ́ mi tí mo fi rí i ṣe. Mo sọ níwájú àwọn èèyàn yìí pé èmi ni mo dá a ṣe, irọ́ ni mo pa. Èyí tí mo dá ṣe ni èyí tó kù yìí." Ó kọjú sí Ermine. "Ẹ ṣé, Tíṣà. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́."

Baba Lendore béèrè ohun tí ẹnì kankan ò retí. Ó ní kí ni Alban fi sílẹ̀ tí íǹṣì mẹ́ta fi kù.

Alban di baba lọ́wọ́ mú, ó ràn án lọ́wọ́ kó kúnlẹ̀, ó sì fi ìka ara rẹ̀ gbẹ́ ilé náà sínú iyanrìn tútù, ó gbẹ́ ẹ jìn kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Ó mú ìka baba, ó fi tọ ògiri. "Yàrá ńlá rèé, Bàbá, odidi pàdé odidi. Èyí, odidi ti àtijọ́ pàdé àbọ̀. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, ìdá pàdé ìdá. Èyí tó kù rèé, odidi tuntun pàdé ìdámẹ́rin ti àtijọ́. Ìdámẹ́rin ẹsẹ̀ bàtà, íǹṣì mẹ́ta. Òun ni mo gbàgbé."

Ìka baba wọ inú yàrá náà, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i ká.

"Láti ìgbà tí ojú mi ti lọ," ni baba wí, "kò sí ẹni tó tún fi nǹkan hàn mí. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ fún mi ni." Omi ti lé sí i lójú. "Ìṣirò yìí, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Okùn ni mo kàn ń ká. Lọ gé pákó mìíràn, ọmọ mi. Tí ó bá pé, wá sílé wá jẹun."

Àwọn èèyàn tú ká, wọ́n fi baba sí orí àga lábẹ́ igi pẹ̀lú ife tíì gbígbóná. Alban àti Ermine dúró ti ilé iyanrìn náà.

"O ṣì ń bínú," ni Alban wí.

"Díẹ̀. Ó kù íǹṣì mẹ́ta kó tán."

Alban rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì já lẹ́nu rẹ̀. "Ermine, gbọ́. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé bí odidi mi bá ti pàdé odidi rẹ, ó ti tán. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ń kà. Bàbá rẹ ni yàrá tí mo fò kọjá, ìdá ayé rẹ tí kò ṣeé fò. Mi ò ní gbé ọ wá sí Windward. Èmi ni màá wá sí L'Esterre. Màá kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, màá máa fi ẹsẹ̀ gun òkè wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀, èmi náà á sì máa dì í lọ́wọ́ mú dé etí omi."

Ermine ń nu ojú. "Ìwé tí o ò kà tán ńkọ́?"

"Ìyẹn ni ìdá tèmi. Ojú ń tì mí nítorí rẹ̀."

"Fi sílẹ̀ fún mi," ni Ermine wí. "Èmi ni mo ni yàrá yẹn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè, olówó-orí mi. Tí o bá ti ń dúpẹ́, màá máa kọ́ ọ."

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ju ìṣó tó wà lọ́wọ́ mi nù.

Ní ọjọ́ kẹrin, pákó tuntun pé: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ìdá méje nínú mẹ́jọ. Okùn baba bá a mu régí. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wọ omi, wọ́n fi ààké gé àwọn òpó tó gbé e dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa sì fa okùn títí ó fi léfòó. Nígbà tí wọ́n tú àsíà orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, Ọpẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Baba Lendore ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbéyàwó. Ìdílé méjèèjì pàdé ní oríta pẹ̀lú àsíà àti àkàrà òyìnbó lórí, wọ́n jó ìjà àsíà, níbi tí àsíà ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ń du bí yóò ṣe lékè èkejì. Ó yẹ kí ti ọkọ lékè, gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Baba Lendore ló di ti ìyàwó mú, Bascombe alára tó di ti ọkọ mú ò sì láyà láti borí àgbà tí kò ríran. Àsíà L'Esterre ló lékè. Bascombe ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Inú ilé tuntun ni a ti jẹun, ilé onígi kan tí àgbàlá baba àti tirẹ̀ jọ jẹ́ ọ̀kan. Orí tábìlì tí Alban kàn fún ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n gbé oúnjẹ sí. Nígbà tí baba jókòó, ó fi ọwọ́ tọ etí tábìlì náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ó dúró. Ó yọ okùn nínú àpò, ó nà án, ó ká a, ó tún nà án.

"Alban, pákó yẹn nìyí."

"Òun ni, Bàbá. Igi dáadáa ni, mi ò lè sọ ọ́ nù."

Baba fi okùn sílẹ̀. Ó fi ìka kan ìpẹ̀kun tábìlì náà, níbi tí íǹṣì mẹ́ta ti kù.

"Ibẹ̀ yẹn ni kí ẹ máa gbé àwo mi sí," ni ó wí.

Ermine bu oka àti ẹja sí i. Alban gbé àwo náà, ó gbé e sí etí ibẹ̀ gan-an, ó mú ọwọ́ baba, ó fi kan àwo náà kó lè mọ ibi tó wà. Baba ní ó ṣé. Alban ní kò tọ́pẹ́, òun ló yẹ kó dúpẹ́. Ermine ní kí àwọn méjèèjì jẹun kó tó tutù.